Ìbòjú lójú agbo: bí fídíò kan ṣe ń gba ara òmíràn yọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo máa ń da fídíò pọ̀ sára ògiri nígbà tí àwọn olórin bá ń ṣeré. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti pùrójẹ́kítọ̀ kan ni mo ń lò. Bí mo bá fẹ́ kí fídíò méjì hàn pa pọ̀, opacity (bí àwòrán ṣe dí tó) ti èyí tó wà lókè ni mo máa ń fà wálẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń rú, tí ọ̀kankan nínú méjèèjì kò ní hàn dáadáa. Wọ́n ní kí n lo mask, ìyẹn ìbòjú. Mo lò ó, ìlà dúdú tínrín wá jókòó sí etí àwòrán, ibi tó yẹ kó ṣófo pátápátá ṣì ń hàn fírífírí, kọ̀ǹpútà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ìṣòro mẹ́ta ni ẹ kó pọ̀ sínú ìbéèrè kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màá mú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí opacity fi ń rú àwòrán, torí ẹni tí ìyẹn kò bá yé á kàn máa fi ìbòjú ṣe iṣẹ́ opacity ni.

Opacity kò mọ ibi tí ojú ènìyàn wà nínú àwòrán, kò sì mọ ibi tó ṣófo. Iye kan ṣoṣo ló ń lò láti igun dé igun. Ẹ fi í sí ìdajì: gbogbo píkísẹ́lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, á mú ìdajì láti òkè, á mú ìdajì láti ìsàlẹ̀. Láti 0 dé 255 ni a ń ka ìmọ́lẹ̀. Ibi tó funfun báláú lókè, ìyẹn 255, tó bọ́ sórí ibi tó dúdú kirikiri nísàlẹ̀, ìyẹn 0, á di nǹkan bíi 128, àwọ̀ eérú. Ibi tó dúdú lókè tó bọ́ sórí funfun nísàlẹ̀ ńkọ́? 128 náà ni. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ tí ojú wa fi ń dá àwòrán méjèèjì mọ̀ ti pòórá. Kì í ṣe pé ẹ kò mọ̀ ọ́n lò. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Ìbòjú, tí àwọn sọ́fítíwíà ń pè ní mask, máa ń dá ìpinnu ṣe fún píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ni òun náà, tí kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú títí dé funfun lọ, tó sì bá fídíò tó ń bò dọ́gba ní fífẹ̀ àti gíga. Níbi tó bá funfun, ìpele òkè, ìyẹn fídíò tó wà lókè, nìkan la ó rí. Níbi tó bá dúdú, ìpele ìsàlẹ̀ nìkan. Níbi tó bá jẹ́ eérú, àwọn méjèèjì á pín in. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ sọ iye ìbòjú di ìdá láàárín 0 sí 1, ẹ fi sọ ìpele òkè di púpọ̀, ẹ fi ohun tó kù kó pé 1 sọ ìpele ìsàlẹ̀ di púpọ̀, ẹ wá ro méjèèjì pọ̀. Bí ìbòjú bá jẹ́ 64 nínú 255, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni òkè á ní, ìdá mẹ́ta á kù fún ìsàlẹ̀. Ed Catmull àti Alvy Ray Smith ló dá a sílẹ̀ ní New York Institute of Technology, ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, pé kí iye yìí máa bá àwọ̀ rìn nínú àwòrán kan náà, wọ́n sì pè é ní alpha. Ní 1984, Thomas Porter àti Tom Duff to ìṣirò náà lẹ́sẹẹsẹ, òun náà la ṣì ń lò títí di òní. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí RGBA, àwọ̀ mẹ́ta ni ti ìṣáájú, ìbòjú ni ìkẹrin.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ju gbogbo ìyókù lọ: àwòrán tó dá dúró láyè ara rẹ̀ ni ìbòjú, ó sì yẹ kí a máa wò ó bí àwòrán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ó rárá. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́, àwọ̀ fídíò ni wọ́n á máa yí, wọ́n á máa fa brightness sókè sódò, wọ́n á fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá. Ẹ gbé ìbòjú náà nìkan sójú síkírìnì, láìsí fídíò kankan lórí tàbí lábẹ́ rẹ̀. Ṣé dúdú rẹ̀ dúdú? Ṣé funfun rẹ̀ funfun? Ṣé etí rẹ̀ rí bí ẹ ṣe fẹ́? Àṣà tí mo kọ́kọ́ máa ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣiṣẹ́ nìyẹn, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ẹ kò sọ ibi tí ẹ ti rí ìbòjú tiyín, ó sì ṣe pàtàkì. Ó lè wà nínú fáìlì fídíò fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alpha. Ó lè jẹ́ fídíò dúdú-àti-funfun ọ̀tọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìbòjú fún fídíò mìíràn. Ó sì lè jẹ́ pé inú fídíò kan náà ni ẹ ti yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bóyá kí gbogbo ibi tó dúdú di òfo, èyí tí wọ́n ń pè ní luma key, tàbí kí àwọ̀ ewé ẹ̀yìn ènìyàn di òfo, èyí tí í ṣe chroma key. Lójú tèmi, fún iṣẹ́ ojú agbo, èyí tó dá dúró ló ní èrè jù. Alpha inú fáìlì ti so ìrísí àti ohun inú rẹ̀ pọ̀ títí láé: bó bá jẹ́ ẹyẹ oníná ni, ẹyẹ oníná ni á máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ funfun lórí dúdú tó dá dúró, ẹ lè fi iná sínú rẹ̀ báyìí, kí ẹ fi omi sínú rẹ̀ nígbà tí ìlù bá yí, kí ẹ fi kámẹ́rà tó ń wo olórin sínú rẹ̀ nígbà tí orin bá dé orí ègbè. Ìbòjú márùn-ún pẹ̀lú fídíò mẹ́wàá ti fún yín ní àádọ́ta àpapọ̀. Luma key ni mo máa ń fi ṣe àṣekẹ́yìn, torí pé kò mọ òjìji yàtọ̀ sí òfo. Irun dúdú àti ẹyinjú ni yóò kọ́kọ́ lu.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìlà dúdú yẹn.

Ẹ bá mi wo píkísẹ́lì kan ṣoṣo ní etí lẹ́tà funfun kan. Lẹ́tà náà gba ìdajì píkísẹ́lì yẹn, torí náà alpha rẹ̀ jẹ́ ìdajì. Ọ̀nà méjì la lè gbà fi àwọ̀ rẹ̀ pa mọ́. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní straight, a ó fi funfun sílẹ̀ bó ṣe wà, 255, a ó sì kọ ìdajì sínú alpha. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní premultiplied, a ti fi ìdajì yẹn gé àwọ̀ náà ṣáájú, 128 la kọ sílẹ̀, alpha sì ṣì jẹ́ ìdajì. Méjèèjì ló tọ̀nà. Àfi ìgbà tí fáìlì bá jẹ́ premultiplied tí sọ́fítíwíà sì rò pé straight ni: á tún gé 128 sí méjì, ó di 64. Funfun tó yẹ kó mú 128 wá sínú àpapọ̀ wá mú 64 wá. Gbèsè yẹn, yí gbogbo etí ká, ni ìlà dúdú tí ẹ ń rí. Bó bá jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, etí á máa tàn jù, ìlà funfun lẹ ó rí dípò dúdú, èyí sì máa ń hàn gan-an tí ìpele ìsàlẹ̀ bá ṣókùnkùn.

Àwọn kan máa ń gé etí ìbòjú wọlé ní píkísẹ́lì kan tàbí méjì kí ìlà náà lè lọ. Ó ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irun, èéfín, àti gbogbo ohun tí etí rẹ̀ rọ̀ ń bá a lọ. Ẹ tún orísun rẹ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ inú After Effects, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe fídíò, ni fídíò ti jáde, ẹ wo Output Module, ibi tí ẹ ti ń yan bí fáìlì ṣe máa jáde: Straight (Unmatted) wà níbẹ̀, Premultiplied (Matted) wà níbẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì sọ irú èyí tí ẹ mú fún sọ́fítíwíà tí ẹ fi ń ṣeré. Lórí àwọn switcher ATEM, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan fídíò tó máa hàn tí wọ́n sì ń dà wọ́n pọ̀, àpótí kan wà tí wọ́n kọ Pre Multiplied Key sí. Wíwà tàbí àìsí àmì inú àpótí yẹn nìkan ló máa ń fa ọ̀pọ̀ ìlà dúdú tí mo ti rí níbi iṣẹ́. Mo máa ń kọ irú rẹ̀ mọ́ orúkọ fáìlì gan-an, kí n má baà máa méfò láàárín òkùnkùn.

Ti ibi tó yẹ kó ṣófo tó ṣì ń hàn fírífírí, ẹ̀bi rẹ̀ máa ń wà lára dúdú ìbòjú. Fídíò tí a ṣe ní ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n ń ka dúdú sí 16, ó ń ka funfun sí 235, dípò 0 àti 255. Fún fídíò lásán, ohun tó ń gbé e jáde á nà án padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbòjú yín bá wà ní ìwọ̀n yẹn tí kò sóhun tó nà án padà, dúdú rẹ̀ kì í ṣe òfo mọ́. 16 nínú 255 lé díẹ̀ ní ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé ìpele òkè á máa yọ ní ìdá 6 níbi tí ẹ kò ti fẹ́ rí i rárá. Lórí síkírìnì kọ̀ǹpútà nínú yàrá tó mọ́lẹ̀, ojú lè má ká a. Lára ògiri nínú òkùnkùn, gbogbo èrò ìwòran ló ń rí i. Funfun náà kò bọ́ nínú rẹ̀: 235 jẹ́ ìdá 92, ìpele ìsàlẹ̀ á máa yọ díẹ̀díẹ̀ lára ohun tó yẹ kó dí pa.

Ohun mìíràn tó ń fà á ni fífún tí a fún fáìlì pọ̀. Bí wọ́n bá fún ìbòjú pọ̀ jù, dúdú tó yẹ kó dúró sójú kan á máa rìn sókè rìn sódò, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ẹ ó sì rí i bí ìràwọ̀ tó ń sáré kiri níbi tó yẹ kó dákẹ́. Oògùn kan náà ló ń wo méjèèjì: ẹ fi Levels, effect tó ń yí ìwọ̀n dúdú àti funfun padà, sórí ìbòjú, kì í ṣe sórí fídíò, kí gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 20 di 0, kí gbogbo ohun tó bá ju 230 lọ di 255. Lórí ATEM, Clip àti Gain ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ rọra o, bí ẹ bá fà á jù, etí tó rọ̀ á di gbágungbàgun.

Bí mo ṣe wà lórí etí gbágungbàgun yìí, ó ní ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ìbòjú dípò àwọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Fídíò 4:2:0, tí ọ̀pọ̀ jù lọ kámẹ́rà kékeré àti fóònù ń yà, ń fi ìmọ́lẹ̀ píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan pa mọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan ṣoṣo ló ń fi pa mọ́ fún píkísẹ́lì mẹ́rin. Chroma key tí ẹ bá yọ lára irú fídíò bẹ́ẹ̀ ń lo ìdá kan péré nínú mẹ́rin ohun tí ojú ń rí.

Kọ̀ǹpútà tó ń há ló rọrùn jù láti ṣàlàyé. Férémù kan, ìyẹn ẹyọ àwòrán kan nínú fídíò, tó jẹ́ píkísẹ́lì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́ta àti alpha, lé ní mẹgabáìtì 8. Bí férémù 60 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti ń lọ sí mẹgabáìtì 500, fún ìpele kan péré. Fáìlì kò lè máa gbé gbogbo ìyẹn kiri ní ìhòòhò, torí náà codec, ìyẹn ọgbọ́n tí a fi ń fún fídíò pọ̀, ló kù. H.264 kéré lórí dísìkì, ṣùgbọ́n kì í sábà gbé alpha, àti pé ọ̀pọ̀ férémù rẹ̀ kò pé fúnra wọn: ìyàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fò láti àárín fídíò lọ sí ibòmíràn tàbí tí ẹ ń dá a padà sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún àwọn tó ṣáájú ṣe. Ẹ dà á di ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ wo bó ṣe máa há. ProRes 4444 ní alpha, ó sì rẹwà, àmọ́ ojú ibi tí a ti ń ṣàtúnṣe fídíò ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Fún ojú agbo, HAP Alpha tàbí HAP Q Alpha, tàbí DXV bó bá jẹ́ Resolume, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń da fídíò pọ̀ lójú agbo, lẹ ń lò, ni kí ẹ yí fáìlì sí. Férémù wọn pé lọ́kọ̀ọ̀kan, káàdì àwòrán ló sì ń tú u, kì í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Fáìlì wọn tóbi, ẹ máa nílò SSD, irú dísìkì tó yára.

Bó bá jẹ́ OBS, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba fídíò sílẹ̀ tàbí gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ ń lò, àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbẹ̀. Filter tó ń jẹ́ Image Mask/Blend ní Alpha Mask (Alpha Channel) àti Alpha Mask (Color Channel). Bí àwòrán ìbòjú yín bá jẹ́ JPEG dúdú-àti-funfun, tí ẹ sì mú Alpha Channel, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀, torí JPEG kò ní alpha rárá. Sọ́fítíwíà á kà á sí pé gbogbo rẹ̀ dí. Color Channel lẹ fẹ́. PNG tí ẹ gé ihò sí ló ń lo Alpha Channel.

Ìgbà míì wà tí ẹ kò nílò ìbòjú. Ọ̀pọ̀ fídíò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, iná, èérún tó ń tàn, ìlà tó ń sáré, wà lórí ilẹ̀ dúdú. Ẹ kàn fi blend mode wọn, ìyẹn ọ̀nà tí ìpele fi ń dà pọ̀ mọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, sí Add tàbí Screen, dúdú náà á lọ fúnra rẹ̀, torí pé a kì í ro 0 mọ́ nǹkan kó yí padà. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì wà níbi tó mọ́lẹ̀: 200 àti 100 lábẹ́ Add á di 300, wọ́n á gé e sí 255, ohun inú rẹ̀ á jó; lábẹ́ Screen, nǹkan bíi 222 ni. Bí ìpele bá ti ju méjì lọ, Screen ni mo ń fọkàn tán. Multiply náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: bí ẹ bá gbé ìbòjú dúdú-àti-funfun lé fídíò lórí pẹ̀lú Multiply, tí kò sì sí ìpele mìíràn lábẹ́ rẹ̀, lára ògiri kò yàtọ̀ sí ìbòjú tòótọ́. Bí nǹkan bá wà lábẹ́, ẹ ò ní rí i, torí dúdú lẹ fi bò ó, ẹ kò gé ihò sí ibì kankan.

Ẹ tún kíyè sí ètò tí àwọn effect fi ń tẹ̀ léra. Blur tó ṣáájú ìbòjú á sọ inú àwòrán di bàìbàì, etí rẹ̀ á sì mú. Blur tó tẹ̀ lé ìbòjú á tú etí náà ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni sísún: bí ìbòjú bá ṣáájú, á bá fídíò rìn, bó bá wà lẹ́yìn, ihò á dúró sójú kan, fídíò á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní idán lójú agbo kò ju ìyípadà yìí lọ.

Bí iṣẹ́ yín bá dàgbà tí ẹ ń fi àwòrán ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà lọ sórí switcher, ẹ rántí pé wáyà HDMI kì í gbé alpha. Ọ̀nà méjì lẹ máa nílò, ọ̀kan fún àwọ̀, tí wọ́n ń pè ní fill, ọ̀kan fún ìbòjú, tí wọ́n ń pè ní key. Bí ọ̀kan bá pẹ́ ju èkejì lọ ní férémù kan péré, ohun tó bá ń rìn á máa fa òjìji lẹ́yìn ara rẹ̀. NDI, ọ̀nà tí a fi ń fi fídíò ránṣẹ́ láàárín kọ̀ǹpútà, ń gbé alpha gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì gba ènìyàn lọ́wọ́ èyí. Ọgbọ́n àtijọ́ kan náà ṣì ń ṣiṣẹ́: ẹ to fill àti key sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú fídíò kan ṣoṣo, àwọ̀ lápá òsì, ìbòjú lápá ọ̀tún, kí sọ́fítíwíà tó gbà á tún wọn kó jọ. Wọn ò lè ya ara wọn sílẹ̀ láé, H.264 pàápàá á sì gbé e.

Nípa ìbòjú tó ń rìn, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀: bí ìbòjú bá yára, kí ohun inú rẹ̀ rọra, bí ohun inú rẹ̀ bá yára, kí ìbòjú dúró. Bí méjèèjì bá ń sáré, èrò ìwòran kò ní rí ìrísí, wọn ò ní rí ohun inú rẹ̀. Èyí tó ń wù mí jù ni kí kámẹ́rà wo olórin tí iná wà lára rẹ̀ nìkan, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn, kí ẹ fi Levels fún un di dúdú àti funfun, kí ẹ sì lo ìyẹn bí ìbòjú. Nígbà náà ara olórin gan-an ni fídíò yín ń gbà yọ, bó bá ṣe ń jó ni ihò náà ń jó. Ẹ fi etí rírọ̀ díẹ̀ sí i, torí ariwo kámẹ́rà nínú òkùnkùn kì í dákẹ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, kí èrò tó dé, ẹ ṣe àwòrán kan tó ń ti dúdú bọ̀ sí funfun láti òsì lọ sí ọ̀tún, ẹ fi ṣe ìbòjú fún fídíò tó funfun lásán, kí nǹkan kan má sí lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ṣe é kéré ju síkírìnì lọ kí dúdú lásán yí i ká. Ẹ rìn lọ sídìí ògiri. Pùrójẹ́kítọ̀ kì í lè ta òkùnkùn gidi, torí náà gbogbo ojú ibẹ̀ á ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lára. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ìbòjú. Ohun tí ẹ ń wá ni apá òsì àwòrán yẹn: kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí dúdú tó yí i ká. Bí ẹ bá ṣì ń rí ibi tí etí òsì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ padà sórí Levels ìbòjú náà, ẹ fa 16 yẹn wálẹ̀ sí 0.